Ẹni Tó Sọ Orílẹ̀-èdè Di Ókubọ́tìnnì

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ọkọ àtìyàwó. Ẹjọ́ orúkọ ni, orúkọ náà kì í sì í ṣe ti èèyàn. Orúkọ orílẹ̀-èdè ni.

Ìyá Télọ̀ ló pe Onígbàjámọ̀ lẹ́jọ́. Títì kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì. Kí Ìyá Télọ̀ tó jáde nílé láàárọ̀, ó ti da aṣọ bo maṣíìnì rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo òkú. Alága ẹgbẹ́ télọ̀ ti sọ ọ́ fún un lójúkojú pé bí Baálẹ̀ bá fi lè sọ pé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni orúkọ burúkú yẹn ti jáde, ẹgbẹ́ máa yọ ọ́, wọ́n máa já pátákó rẹ̀ lulẹ̀, kò sì ní rán aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́ nílùú yìí. Alága náà wà láàfin. Ó jókòó síwájú, ó ká apá, ó ń retí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ náà. Orúkọ tí ìjọba ń pe orílẹ̀-èdè yìí gùn, ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ tai nìkan ló ń pè é. Ókubọ́tìnnì ni àwọn tó kù ń pè é. Bí afárá bá gun odò dé àárín tó sì dúró síbẹ̀, bíi tìlú yìí, wọ́n á ní, "Ókubọ́tìnnì nìyẹn." Bí ilé ìwòsàn bá ní ilẹ̀kùn, tó ní fèrèsé, tí kò ní òrùlé, wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀ sí Ókubọ́tìnnì." Ẹni tó wà lókèèrè tí àárò ilé ń sọ á ní, "Mo gbọ́dọ̀ dé Ókubọ́tìnnì lọ́dún yìí."

Baálẹ̀ jókòó, àwọn ìjòyè jókòó, Ọ̀tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Baálẹ̀ ní, "Ta ló pe ẹjọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Kí ẹ pẹ́ fún wa."

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?"

"Wọ́n ní èmi ni mo bí orúkọ yẹn."

"Orúkọ wo?"

Ìyá Télọ̀ wo Ọ̀tún. Ọ̀tún ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ náà láàfin.

Ó ní, "Orúkọ tí wọ́n ní ká má pè, Bàbá."

Ọ̀tún ní, "O káre. Àṣẹ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá pe Ókubọ́tìnnì láàfin yìí..." Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Baálẹ̀ ní, "O ti pè é, ó tán. Kí gbogbo wa máa pè é lọ, ká lè ráyè jókòó. Obìnrin yìí, sọ̀rọ̀."

"Bàbá, láti ìgbà tí Onígbàjámọ̀ ti ń sọ fún gbogbo orí tó bá fá pé ṣọ́ọ̀bù mi ni orúkọ yẹn ti jáde, mi ò rímú mí. Àwọn èèyàn ń ti ìlú mìíràn wá yọjú lójú fèrèsé mi. Ọkùnrin kan wá bi mí ìdí tí mo fi ba títì iwájú ilé òun jẹ́. Obìnrin kan tú ẹnu ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn, ó gbé e ka orí maṣíìnì mi. Ó ní ó ti pẹ́ tí omi ò ti yọ, kí n bá wọn rán bọ́tìnnì ẹ̀ mọ́ ọn."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kó gbé irin ẹ̀ kúrò lórí aṣọ oníbàárà. Ó ní irú ìwà mi yìí ló ń pa orílẹ̀-èdè yìí."

Baálẹ̀ kọjú sí Onígbàjámọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó múra bí ọkọ ìyàwó, kílípà rẹ̀ yọ orí lápò, irun orí rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á.

"O gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"O jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

"Wọ́n jẹ mí lọ́pẹ́, Bàbá."

"Ta ló jẹ ọ́ lọ́pẹ́?"

"Ìyá Télọ̀ ni. Ẹ wo gbogbo obìnrin ìlú yìí, èwo ni odindi orílẹ̀-èdè ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀? Mo gbé wọn ga, wọ́n wá ń pè mí lẹ́jọ́."

Ìyá Télọ̀ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o gbé mi ga? Ṣé mo sọ fún ọ pé ilẹ̀ ń gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ rò ó wò."

"Mi ò rò ó."

Baálẹ̀ ní, "Onígbàjámọ̀, fi ìyẹn sílẹ̀. Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

"Bàbá, mo ń gẹ irun dírẹ́bà kan. Mo ti fá apá ọ̀tún tán, ó ń dán. Bí mo ṣe fẹ́ kọjá sí apá òsì, iná lọ. Kílípà dákẹ́. Dírẹ́bà ní òun ò lè dúró, tírélà òun ti dí, ibodè lòun ń lọ. Mo sáré sọdá títì, mo ní kí Ìyá Télọ̀ yá mi ní sísọ́ọ̀sì. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ni wọ́n sọ?"

Baálẹ̀ bi í.

"Mo ní sísọ́ọ̀sì aṣọ kì í gé irun, Bàbá. Tó bá ti gé irun lẹ́ẹ̀kan, kò ní gé aṣọ dáadáa mọ́, á kàn máa jẹ ẹ́ lẹ́nu ni."

"Ẹ ò rí i! Mo padà lọ́wọ́ òfo. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni èyí tí wọ́n ń sọ fún obìnrin kan pé, 'Aṣọ yín ti parí, ó ku bọ́tìnnì.' Ni mo bá fi tu dírẹ́bà nínú. Mo ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wo orí tiyín nìkan. Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló ku bọ́tìnnì.' Àánú ló mú mi sọ ọ́, Bàbá."

Ọ̀tún ní, "Níbo ni dírẹ́bà náà wà?"

Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan dìde lẹ́yìn, ó ṣí fìlà. "Èmi ni mo ni orí ọ̀hún."

"Ṣé òótọ́ ni pé iná lọ?"

"Iná wà, Bàbá! Fáànù ń yí lókè mi. Apá ibi tí kò nírun ni mo fi ń mọ òtútù ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ ní, "Irọ́ ló ń pa!"

"Ta ló ń purọ́? Ìwọ lo gbọ́ pé wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù níta. O gbé kílípà lé mi lórí, ó ń dún, o jáde lọ. O ò padà títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn jíjó. Ìgbà tí kílípà gbóná tó dákẹ́ lo tó sáré lọ wá sísọ́ọ̀sì."

"Onígbàjámọ̀," Baálẹ̀ ní, "iná ni àbí bọ́ọ̀lù?"

"Bàbá, iná yẹ kó lọ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tó máa ń lọ ni."

"Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ìwọ ti lọ."

"Mo kàn ṣáájú ẹ̀ ni."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Baálẹ̀ ní kí dírẹ́bà máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo dé ibodè, Bàbá. Wọ́n ní kí n ṣí fìlà. Mo ṣí i. Ọlọ́pàá ibodè wo fọ́tò mi, ó wo orí mi, ó ní, 'Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń kọjá?' Mo ní èmi kan náà ni. Ó ní orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ti ń ṣe orí báyìí. Ojú tì mí láti dárúkọ tiwa gan-an. Mo ní, 'Ókubọ́tìnnì.' Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó pe ẹnìkejì ẹ̀ kóun náà wá gbọ́. Kí n tó palẹ̀ ẹrù mi mọ́, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ló ti ń sọ pé Ókubọ́tìnnì làwọn náà ti ń bọ̀."

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó pè é, ṣùgbọ́n ó ti dìde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n la àwọn èèyàn wọ̀nyí lóye. Orúkọ yìí ti wà kí bọ́tìnnì tó dé ilẹ̀ yìí. Nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìtàn àtayébáyé àwọn babańlá wa tó lọ́lá, tó níyì, jagunjagun kan wà tó ń jẹ́ Ókubọ́. Tìnnì sì ni ìró idà rẹ̀ nígbà tó bá kan irin ọ̀tá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìwádìí ni, Bàbá."

"Lọ́wọ́ ta lo ti wádìí ẹ̀?"

"Lọ́wọ́ onímọ̀ pàtàkì kan."

"Ta ni onímọ̀ náà?"

Tíṣà tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Èmi náà ni, Bàbá."

Ìyá Télọ̀ mí kanlẹ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́ rí. Oníbàárà tó bá ti ń pe aṣọ rẹ̀ ní ẹ̀wù ọlá, ẹ̀wù iyì, òun náà ló máa ń gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo Alága ẹgbẹ́, Alága ò tíì tú apá ká. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kí ọkọ òun wá jẹ́rìí sí òun.

Ọkọ rẹ̀ dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ò kúrò níbàdí.

"Bàbá, ìyàwó mi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Èmi tí mò ń bá a gbé ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo dì mú níbàdí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá."

"Afẹ́fẹ́ wo? Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí o búra pé òótọ́ lo máa sọ."

"Ṣé mo lè fi ọwọ́ kan búra?"

"Ọwọ́ méjèèjì ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ búra."

Onígbàjámọ̀ fò sókè. "Ẹ wò ó! Ṣòkòtò ọkọ wọn náà ku bọ́tìnnì!"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Télọ̀ wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán ẹnu rẹ̀ pọ̀.

"Ṣé mi ò ní kí ẹ wá dúró kí n bá yín rán an? Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹun."

"Nígbà tẹ́ ẹ jẹun tán ńkọ́?"

"Mo jókòó."

Baálẹ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ẹ dákẹ́! Ọ̀rọ̀ ti hàn. Obìnrin yìí ló sọ ọ́, Onígbàjámọ̀ ló gbé e kiri, dírẹ́bà ló wà á kọjá ibodè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pa pọ̀ fi orúkọ burúkú kan orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan bá ti ṣẹ̀, ibẹ̀ la ti ń mú un. Ìyá Télọ̀..."

Alága ti tú apá ká, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ìyẹn ni pé ó ti ń múra àtilọ já pátákó.

Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá a. Orúkọ yẹn ò burú lókèèrè o."

"Báwo ni kò ṣe burú?"

"Tírélà mi dákẹ́ nílùú kan tí wọn ò gbọ́ èdè mi. Òjò ń rọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó sú mi, mo jókòó sínú òjò, mo pariwo, mo ní, 'Ókubọ́tìnnì, o pa mí o!' Fèrèsé kan ṣí lókè. Obìnrin kan yọ orí, ó ní, 'Ta ló ń pe ilé wa?' Ó sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ó fún mi láṣọ gbígbẹ, ó fún mi lóúnjẹ, ó jókòó síwájú mi, ó ń wò mí. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, 'Ṣé wọ́n ti parí afárá yẹn?'"

"Kí lo sọ?"

"Mo ní wọn ò tíì parí ẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní, 'Ọpẹ́ ni. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n á parí ẹ̀ lẹ́yìn mi, tí mo bá padà dé, mi ò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́.'"

Ìjòyè kan fi etí aṣọ nu imú. Ọ̀tún ní nǹkan kan kó sí òun lójú.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Bàbá, ó yẹ kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Èmi gan-an ni mo dá orúkọ yẹn sílẹ̀. Ìyá Télọ̀ ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀."

Ìyá Télọ̀ yanu. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní tèmi ni?"

"Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe mí nígbà yẹn."

Dírẹ́bà ní, "Èwo ni tìẹ níbẹ̀? Orí ta ni wọ́n fi ṣe é? Ta ló jókòó sínú òjò?"

Tíṣà ní, "Ókubọ́ jagunjagun ló ni ín!"

Ọkọ Ìyá Télọ̀ ní, "Ẹ má gbàgbé ṣòkòtò mi náà o."

Alága dìde, ó ti wọ bàtà tán. "Ẹgbẹ́ télọ̀ ló ni orúkọ náà, Bàbá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. A máa kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ẹgbẹ́."

Baálẹ̀ ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fẹ́ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́?"

"Bàbá, bó bá dára, ti ẹgbẹ́ ni. Bó bá burú, tirẹ̀ nìkan ni."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Onígbàjámọ̀ di kọ́là dírẹ́bà mú, Tíṣà ń ṣe ìró idà fún àwọn ìjòyè, "tìnnì, tìnnì." Ìyá Télọ̀ gbọ́ ọ títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ panu mọ́, gbogbo yín!"

Wọ́n panu mọ́. Baálẹ̀ náà panu mọ́, ó gbàgbé pé òun ni Baálẹ̀.

"Mi ò bí orúkọ kankan. Mi ò fún orílẹ̀-èdè lórúkọ rí. Bọ́tìnnì ni mo sọ, bọ́tìnnì tó ní ihò, tí wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀. Bàbá, bọ́tìnnì tó kẹ́yìn lára aṣọ, èmi kì í rán an lórí tábìlì. Ara ẹni tó ni aṣọ ni mo ti ń rán an. Á wọ̀ ọ́, á dúró, á mí. Ibi tí ìmí bá gbé aṣọ dé, ibẹ̀ ni mò ń fi bọ́tìnnì sí. Ẹni tí mo bá sọ fún pé ó ku bọ́tìnnì, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé iṣẹ́ tèmi ti tán, kó wá dúró. Wọn kì í wá. Wọ́n á ní wọ́n ń bọ̀. Wọ́n á rán ẹlòmíràn wá, bí ẹni pé mo lè rán bọ́tìnnì ìyá mọ́ àyà ọmọ. Wọ́n á wá jókòó sílé, wọ́n á máa sọ pé èmi ni mi ò parí ẹ̀."

Baálẹ̀ bínú. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Àwọn wo ni kì í wá? Dárúkọ wọn. Irú àwọn èèyàn yẹn gan-an ló ń ba orílẹ̀-èdè jẹ́."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Mo ní kí o dárúkọ wọn!"

Ìyá Télọ̀ wo ilẹ̀. "Kóòtù kan wà lórí háńgà mi, Bàbá. Àwọ̀ ewé ni. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi tí aláǹgbá ń sùn lápò ẹ̀."

Ọ̀tún húkọ́. Baálẹ̀ rọra fẹ̀yìn ti àga padà.

"Àwọ̀ ewé wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ lọ ṣí afárá, Bàbá."

"Kóòtù mi? Èmi rò pé o ò tíì parí ẹ̀ ni!"

"Ó ku..." Ìyá Télọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Mo sì ti sọ fún gbogbo ìlú pé kóòtù ni mò ń dúró dè tí mi ò fi lọ bi àwọn tó ń ṣe afárá léèrè!"

"Mo gbọ́, Bàbá. Àwọn tó ń ṣe afárá náà gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Baálẹ̀ gbójú wo òkè àjà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Orúkọ yìí kì í ṣe ti Ìyá Télọ̀, bọ́tìnnì ló ń sọ. Kì í ṣe ti Onígbàjámọ̀, ó kàn fẹ́ fi bo ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ni. Tiwa ni, àwa tí wọ́n pè kí a wá dúró tí a jókòó. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ní aṣọ lọ́wọ́ obìnrin yìí, kó wá dúró. Aṣọ tí kò bá pa dé lára ẹni tó ni ín, kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá pa dé lára ẹ̀. Mi ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀."

"Pátákó mi ńkọ́, Bàbá?"

"Pátákó rẹ kò ní kúrò níbi tó wà. Alága, ìwọ ni wàá máa nu eruku ara ẹ̀, lójoojúmọ́, kí aráyé rí ọ. Nísinsìnyí, lọ gbé kóòtù mi wá. Gbọn aláǹgbá inú ẹ̀ dànù."

Alága jáde lọ.

"Tíṣà, lọ wá sàréè Ókubọ́ jagunjagun. Má padà láìrí i."

"Ṣùgbọ́n, Bàbá, kò sí..." Tíṣà rí ojú Baálẹ̀.

"Kò sí kí ni?"

"Kò sí wàhálà, Bàbá."

"Onígbàjámọ̀, o purọ́ mọ́ iná. Iná máa ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣe, kò yẹ ká fi kàn án. Dírẹ́bà, gba kílípà ọwọ́ ẹ̀. Fá apá ọ̀tún, má fọwọ́ kan apá òsì. Kó máa gbé orí náà rìn títí wọn ó fi parí afárá."

Onígbàjámọ̀ wólẹ̀. "Bàbá! Afárá yẹn?"

"Afárá yẹn."

"Ẹ kúkú fá èjìká mi náà mọ́ ọn! Ta ló máa gbé orí ẹ̀ wá fún mi, tó bá rí èyí tó wà lọ́rùn mi?"

"Ìyẹn ni wàá fi máa lọ bi wọ́n léèrè afárá, kó lè tètè parí."

Dírẹ́bà ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ki wáyà bọ ògiri, kílípà dún, iná ò lọ. Dírẹ́bà fá orí náà bí ẹni tó ń kọrin nínú. Nígbà tó parí apá ọ̀tún, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó ní, "Ṣé òtútù ń mú ọ?"

Alága gbé kóòtù dé. Aṣọ tó dára gidi ni, ìlà ìránṣọ rẹ̀ tọ́. Ìyá Télọ̀ fa abẹ́rẹ́ yọ nínú aṣọ rẹ̀, ó ki òwú bọ̀ ọ́. Baálẹ̀ wọ kóòtù, ó dúró.

"Ẹ mí, Bàbá."

"Mo ń mí."

"Ẹ má mí mọ́."

"Mi ò mí mọ́."

"Ẹ fa ikùn wọlé."

"Ó ti wọlé."

"Èyí tó wà níta yìí ńkọ́, Bàbá?"

"Èyíinì ò mọ ọ̀nà ilé."

Etí kóòtù méjèèjì wo ara wọn lókèèrè bí àna tó ń bínú síra wọn. Ìyá Télọ̀ fà á, Ọ̀tún bá a fà á, ìjòyè méjì dì í mú lẹ́yìn. Kò pa dé.

Ọ̀tún sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá, ìdájọ́ yìí, ṣé a ò lè dín in kù díẹ̀?"

Baálẹ̀ bọ́ kóòtù. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé o fẹ́ kí ìdájọ́ mi náà ku bọ́tìnnì ni? Ẹ wá ẹni tó pa dé lára ẹ̀."

Ọ̀tún wọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sọnù sínú apá kóòtù. Dírẹ́bà wọ̀ ọ́, èjìká rẹ̀ há, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi epo yọ ọ́. Tíṣà wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó gùn, wọ́n bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó kù ni Onígbàjámọ̀. Ó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú orí onílàjì rẹ̀. Kóòtù náà jókòó sí i lára bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n gé e sí.

Baálẹ̀ ò lè wò ó. Ó ní, "Rán an."

Ìyá Télọ̀ wò ó látòkè délẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ jẹ́ kí wọ́n já pátákó rẹ̀ ló wọ aṣọ tí ó fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ rán. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó gba òun là náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó sún mọ́ ọn.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fi abẹ́rẹ́ yẹn o."

"Dúró."

"Mo dúró."

"Mí."

Onígbàjámọ̀ mí. Ìyá Télọ̀ wo ibi tí aṣọ gbé ara dé, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Kò rántí ẹjọ́ mọ́, kò rántí Alága. Ó yí òwú ká ìdí bọ́tìnnì, ó so ó, ó fi eyín já a.

Ó ní, "Ó parí."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láàfin yẹn. Wọn ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀tún wo Baálẹ̀, Baálẹ̀ wo ilẹ̀kùn. Ìjòyè kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó rí i pé òun nìkan ni, ó fi ọwọ́ sí àpò. Onígbàjámọ̀ fi ìka kan bọ́tìnnì náà bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ó máa gbóná.

Ìyá Télọ̀ ki òwú mìíràn bọ abẹ́rẹ́, ó gbójú sókè.

"Ta ló kàn?"